Leaf tàbí Kona: èwo ni iná ilé yín lè bọ́?

Níbi tí mo ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní Ọ̀fà Gàráàjì, ní Ìlọrin níbí, ni wọ́n ti máa ń bi mí jù: "Alàgbà, mọ́tò yín tí kì í mu epo yìí, ibo ló ń gbé yín dé kó tó kú?" Mo máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n èmi náà á béèrè tèmi: wákàtí mélòó ni iná ń wà ládùúgbò yín lóòjọ́? Ẹni tó bá mọ èsì ìyẹn ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó rà.

Nissan Leaf ọdún 2018, mọ́tò tó ń lo iná bátìrì dípò epo, ni mò ń wà. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí mítà ilé yín fi ń kà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ọ̀mù-Àrán ní Hyundai Kona oníná, bátìrì tiwọn jẹ́ 64 kWh. A máa ń gba mọ́tò lọ́wọ́ ara wa. Nígbà ìkórè iṣu tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Kona fi wà lọ́dọ̀ mi, torí Leaf ni ẹ̀gbọ́n mi nílò. Búùtù Leaf gba lítà 435, ti Kona jẹ́ 332. Iṣu tó wọ búùtù tèmi, orí ìjókòó ẹ̀yìn ni ìyókù rẹ̀ ì bá wà nínú tiwọn. Ẹni tó bá ga tún máa rí i pé ẹ̀yìn Leaf fẹjú ju ti Kona lọ.

Omi ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹ ka Leaf sí kéègì, kí ẹ ka Kona sí dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù gbà ju kéègì lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni méjèèjì ti ń pọn omi bí ẹ bá ki wáyà wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fún mọ́tò ní amp 10 ní 230 volt kò lè gbé ju 2.3 kW lọ, ìyẹn 2.3 kWh ní wákàtí kan. Leaf tó gbẹ táútáú máa lò ju wákàtí 17 lọ kó tó kún. Kona máa lò ju 27 lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó ń bi mí léèrè nìyẹn. Wọ́n gbàgbé pé kò sẹ́ni tó ń wa mọ́tò títí tó fi gbẹ lójoojúmọ́. EPA, àjọ tó ń díwọ̀n bí mọ́tò ṣe ń jẹ epo àti iná ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé Leaf yìí ń jẹ nǹkan bíi 18.6 kWh lórí kìlómítà 100, Kona sì ń jẹ bíi 17.4. Bí ẹ bá pín in, wákàtí iná kan láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán jẹ́ kìlómítà 12 fún Leaf, 13 fún Kona. Ìṣirò tí mo fi ń gbé ilé ayé mi nìyẹn. Bí mo bá gbé àwọn ọmọ láti Gáà-Akanbí lọ síléèwé, tí mo gba Challenge lọ sí Post Office, tí mo yà ní Ìpàtà kí n tó darí wálé, kì í ju kìlómítà 35 lọ. Wákàtí mẹ́ta iná ti dá a padà. Ẹni tí wọ́n ń fún ní iná wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ lè wa èyíkéyìí nínú méjèèjì láàárín Ìlọrin láìdúró níbì kankan.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dáwọ́ omi dúró ni dúrọ́ọ̀mù ń wúlò. Nígbà tí Kona wà lọ́dọ̀ mi yẹn ni tírafọ́mà wa jó, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wà lókùnkùn. Mo rìn ín lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, iná ṣì kù nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi tún un ṣe. Ká ní Leaf mi ni, ọjọ́ kẹfà ni ǹ bá ti máa wá ẹni tí màá tọrọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn náà tún ya wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí bátìrì bá ṣì tuntun, EPA ní Leaf 40 kWh lè rin kìlómítà 243, Kona 415. Láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán gba Ìdọ̀fìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpo jẹ́ bíi kìlómítà 85. Kona máa lọ, á bọ̀, á sì tún lè lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Leaf mi máa ń lọ, ó sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi í sí iná nílé ẹ̀gbọ́n mi bí a bá ṣe ń jẹun lọ́wọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Èkó kò sí nínú ọ̀rọ̀ Leaf rárá.

Èyí tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí gidigidi ni àwọn Leaf 2011 sí 2015 tó rọ̀ lọ́rùn. 24 kWh ni bátìrì wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì tuntun, kìlómítà 117 sí 135 ni EPA kọ fún wọn, ó sinmi lórí ọdún rẹ̀. Bí ìdá kan nínú ìyẹn bá ti lọ, tí ẹ sì tan ẹ́síì, Ọ̀fà lálọ-lábọ̀ di àdúrà.

Oòrùn wa ló fà á tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ló ń tu bátìrì Leaf lára, kò sí omi tó ń yí ká inú rẹ̀. Ti Kona ní omi ìtura, bí rédíétọ̀ ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún 2012, àwọn tó ní Leaf ní Phoenix, ìlú gbígbóná kan ní Arizona, pariwo pé bátìrì wọn ń tètè dínkù, Nissan sì gbé bátìrì tó túbọ̀ lè fara da ooru jáde nínú ti ọdún 2015. Ìlọrin nínú oṣù kẹta kò jìnnà sí irú ìyà yẹn. Nítorí náà, abẹ́ dóńgóyárò ni mo ń gbé tèmi sí. Mo máa ń dáwọ́ iná dúró ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àfi tí mo bá ń rìnrìn àjò lọ́la, mi ò sì jẹ́ kó kún bámúbámú kó wà nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò lè tọ́jú mọ́tò báyìí, Kona ni kó lọ rà, ìdí yìí nìkan tó.

Ti owó iná kò le. Lóṣù kẹrin 2024 ni kWh kan di ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, ó sì wà ní ₦209.50 nígbà tó di oṣù keje. Bí ẹ bá fi ₦209.50 ṣírò, kìlómítà 100 nínú Leaf jẹ́ bíi ₦3,900, nínú Kona bíi ₦3,650. Mọ́tò tó ń mu lítà mẹ́jọ lórí ọ̀nà kan náà, bí lítà bá jẹ́ ₦900, ₦7,200 ni. Ìyàtọ̀ àárín Leaf àti Kona kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ yan mọ́tò.

Lórí títì, Kona lágbára jù, agbára ẹṣin 201 sí 147 ti Leaf. Nígbà òjò, lórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà, táyà iwájú Kona máa ń yí lórí ẹrẹ̀ bí ẹ bá tẹ ẹ́ lójijì. Leaf rọrùn jù nínú gósílóò. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní e-Pedal: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lọ, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, ó dúró fúnra rẹ̀, ó sì ń dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Kona ní ọ̀pá kékeré kan lápá òsì sítíárì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa wà lórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pariwo, ẹ ṣọ́ra ní Ọjà-Ọba. Àwọn ìyá tó ru ẹrù kò ní gbọ́ yín lẹ́yìn wọn.

Iná ilé ṣòro ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹkísítẹ́ńṣọ̀n ni mo kọ́kọ́ lò, ní alẹ́ kejì ó yọ́ mọ́ ògiri, òórùn rẹ̀ ló jí ìyàwó mi. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Oníná tó wá tún un ṣe fa wáyà 2.5 mm tààrà láti ẹ̀yìn mítà, ó sì ri irin earth, tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀, mọ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní earth gidi. Okùn ṣáàjì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá rí i, ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kó kọ ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ká tiẹ̀ ní agbára wọn tó.

Bí gbogbo ìrìn yín bá wà láàárín Ìlọrin, tí ilé yín sì ní ibi tí oòrùn kò pa, Leaf 40 kWh ni kí ẹ wá. Kona wọ́n jù ú lọ dáadáa, kò sì ní ìdí tí ẹ fi máa san owó dúrọ́ọ̀mù nítorí omi kéègì kan. Ẹni tó ń ti Ọ̀fà, Ọ̀rọ̀ tàbí Ọ̀mù-Àrán wá sí Ìlọrin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí iná rẹ̀ máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó ní sùúrù títí owó Kona fi pé.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, Leaf ní igi kéékèèké 12 létí ohun tó ń fi iná inú bátìrì hàn. Ẹ kà wọ́n. Èyí tó ti lọ kò ní padà wá. Ẹ gba nọ́ńbà ṣáásí (VIN) Kona kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ní oṣù kejì 2021 Hyundai kéde pé òun máa pàrọ̀ bátìrì mọ́tò tó lé ní 80,000 kárí ayé nítorí ewu iná, Kona ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pàrọ̀ ti èyí tí ẹ ń wò. Ẹ wo ẹnu ibi tó ti ń gba iná: ti tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, okùn inú búùtù ti Amẹ́ríkà sì sábà jẹ́ ti 120 volt. Ẹ má kì í bọ iná ilé wa láéláé, ẹ ra èyí tó gba 230.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ lójú yín. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn fún wákàtí kan gbáko, wọn ò mú owó jáde títí nọ́ńbà ojú mọ́tò náà fi kúrò ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún tó di 64.