Kọ́ìnì ìrántí Ọbabìnrin Elizabeth ti 1977: ti fàdákà ni àbí ti bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì?

Wọ́n máa ń bi mí léèrè yìí ní Dùgbẹ̀. Ìlú Ọba ló ṣe kọ́ìnì náà nígbà tí Ọbabìnrin, tó wá sí Ìbàdàn wa ní 1956, pé ọdún 25 lórí oyè. Oríṣi méjì ni, ọ̀kan fàdákà, ìkejì bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pọ̀. Lójú, ìbejì ni wọ́n: Ọbabìnrin lórí ẹṣin níwájú, adé lẹ́yìn. Ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀, gíráàmù 28.28, òòfà kò sì fa ìkankan. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Kí ẹ tó sanwó fàdákà, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ góòlù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ súà, kò wọ́n, ọmọdé lè máa fọwọ́ pa á. Ti fàdákà (92.5 nínú 100) dán bíi dígí, àmọ́ ọ̀rinrin àti òógùn ọwọ́ ń sọ ọ́ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́! Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fi kànìnkànìn bó, ara ẹṣin orí rẹ̀ ti ha wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tó fẹ́ fi han àwọn ọmọ nílé, ti níkẹ́ẹ̀lì tó o. Ẹni tó fẹ́ fowó pamọ́, tó sì níbi gbígbẹ, kó ra fàdákà.