Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Sin Eṣinṣin Tsetse ní Tanga

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sin kòkòrò láti fi pa irú rẹ̀ run, èyí tó wà ní Tanga, ní Tanzania, ni mo fún ní máàkì tó ga jù, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar. Láàárín ọdún 1994 sí 1997, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tú akọ tsetse (eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó sì ń kó àrùn ran màlúù àti ènìyàn) tó lé ní mílíọ̀nù 8 sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán sọ wọ́n di aláìlèbímọ, kí abo inú igbó tó bá bá wọn gùn má baà bímọ. Nínú sínsìn wọn gan-an ni iṣẹ́ wà: abo tsetse kì í yé ẹyin bí eṣinṣin ilé, ìdin kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 10 síra wọn, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì ń mu, tí wọ́n á tẹ́ ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ sábẹ́ sílíkónì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè gún un bí awọ màlúù. Àléébù rẹ̀ ni pé akọ náà ń mu ẹ̀jẹ̀ (ẹni tó rò pé kò ní jẹni ti ṣìnà), iṣẹ́ náà sì wọ́n, kò wúlò bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi oògùn dín ti inú igbó kù. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọn kò rí tsetse igbó kankan mú mọ́ ní Unguja.