Fúláàsì onílítà kan tí mo rà nínú ọjà Kábbà

Ọkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń wá fúláàsì tí yóò tọ́jú omi tútù, kó ra èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kí omi gbígbóná ṣì máa yọ èéfín lọ́jọ́ kejì, kó jẹ́ kówó rẹ̀ wà lápò.

₦9,500 ni mo rà á lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta àwo. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé wákàtí 24 ni fún gbígbóná, 24 fún tútù. Èrò ni mo ń gbé láti Kábbà lọ sí Ìlọrin, nítorí náà mo ní ibi tí mo ti lè dán an wò.

Omi tó hó ni mo dà sí i ní ìdájí. A kọjá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, a kọjá Mọ́pà. Nígbà tí èrò fi sọ̀ ní Ìsánlú, omi náà ṣì ń jóni lẹ́nu. Ní Ìlọrin, ó ṣì ṣe é po tíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́, ó ti di lílọ́wọ́ọ́wọ́, Milo ṣù kókó nínú rẹ̀.

Yìnyín ńkọ́? Mo kó o wẹ́wẹ́ dé ìdajì, mo bu omi lé e, àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣì ń ró gbọn-gbọn nínú rẹ̀. Kọ̀ndọ́ mi ní oògùn ni. Oògùn kọ́. Dígírì 100 ni omi tó ń hó. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè tó 35. Àlàfo 65 nìyẹn, bí àlàfo bá sì ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe ń sáré jáde tó. Òdo ni omi yìnyín wà, àlàfo tirẹ̀ kò ju 35 lọ. Yíyọ́ yìnyín fúnra rẹ̀ tún ń jẹ ooru: èyí tó máa yọ́ kílò yìnyín kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó máa gbé kílò omi kan láti òdo dé dígírì 80. Ẹni tó kọ 24 méjèèjì sára páálí mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ omi. James Dewar pàápàá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1892, ohun olómi tó tutù ju yìnyín lọ ló fẹ́ fi tọ́jú, kì í ṣe tíì.

Ara rẹ̀ dára. Irin méjì ló wọnú ara wọn, wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, ooru kò rí ohun tí yóò gùn kọjá. Ìdérí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: ike fẹ́lẹ́ ni, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ ó mọ ibi tí ooru ń gbà lọ.

Màmá náà ní, “Ọmọ mi, kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣàn án, dà á nù, kó o tó rọ tìrẹ sí i. Kó o sì rọ ọ́ kún.” Òótọ́ ni, irin tútù á gba ìpín tirẹ̀ nínú ooru náà.

Onílítà méjì wà níbẹ̀, ₦14,000. Ìyẹn ni kí ìyálọ́mọ tó ń po mílíìkì lóru rà, nítorí omi púpọ̀ kì í yára tutù bí omi díẹ̀. Ẹ ná an dáadáa, màmá náà máa ń gbà.