REAPER: fédà kan, ìlù mẹ́jọ

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ń míksì ẹ̀, ti jẹ́ irinṣẹ́ mi, fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì sábà máa ń fi míksì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. VCA rẹ̀ ni, ìyẹn fédà (ohun tí wọ́n ń fà láti gbé ìró sókè-sílẹ̀) kan tó ń darí fédà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí òun ni kò jẹ́ kí n padà sídìí èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀.

Orin fújì kan ló sún mi débẹ̀. Tráàkì ìlù mẹ́sàn-án, ìró kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: sákárà méjì, kọ́ńgà méjì, omele, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, jáàsì, àti gángan. Tí olórin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn tó ń náwó, ìlù mẹ́jọ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kí gángan tó ń dá a lóhùn lè yọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ti ya automation, ìlà tó ń gbé fédà sókè-sílẹ̀ fúnra rẹ̀, sórí gbogbo wọn tán. Omele nìkan ní ojú àmì tó lé ní 40. Ta ló fẹ́ tún un yà?

Folder, tráàkì ìyá tí ìró àwọn tráàkì mìíràn ń gba inú ẹ̀ kọjá, ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo kó ìlù mẹ́jọ sínú ẹ̀, mo fa ìlà fọ́lúùmù tráàkì ìyá wálẹ̀ ní 4 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ìró ṣe ga tó). Ìlù gbọ́ràn, reverb, ìró tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn, ò gbọ́. Tráàkì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìró ránṣẹ́ tààrà sí tráàkì reverb tó wà níta folder. Fédà ìyá ò dé ibẹ̀ rárá. Ó wá dà bí ẹni tó ti jáde nílé tí òjìji rẹ̀ ṣì jókòó sórí àga.

Ni mo bá tẹ Shift+G, mo fi tráàkì òfìfo kan ṣe VCA lead (ọ̀gá), àwọn mẹ́jọ ṣe follow (ọmọ ẹ̀yìn). Kò sí ìró kankan tó ń gba inú tráàkì òfìfo yẹn kọjá. Àṣẹ ló kàn ń pa. Níbi tí omele bá wà ní -6, tí ọ̀gá wọn wà ní -4, -10 la máa gbọ́, reverb rẹ̀ á sì bá a lọ sílẹ̀. Ìlà tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ ò yí padà. Fédà àwọn ọmọ ẹ̀yìn kì í mì lójú ẹ̀rọ o. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo rò pé kò ṣiṣẹ́ ni.

Ó ní ibi tó ti ń gbéni ṣubú. Tí compressor, ohun tó ń tẹ ìró tó bá ga jù mọ́lẹ̀, bá wà lórí folder, VCA á dín ìró tó ń wọ inú ẹ̀ kù, compressor náà á dẹwọ́. Mo fà á wálẹ̀ ní 4, èyí tí mo gbọ́ ò tó 4, ẹnu ìlù sì mú jù. Nírú ibẹ̀, fédà folder ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì gbé reverb wọn wọ inú folder kan náà.

Touch, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba bí ọwọ́ ṣe ń fa fédà sílẹ̀, ni mo fi ń kọ automation, torí tí mo bá ti yọwọ́, fédà á padà sórí ìlà àtijọ́. Latch kì í padà. Mo gbàgbé ẹ̀ sórí Latch nígbà kan, ìlù ò gbéra mọ́ títí orin fi parí.

Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń jẹ́ kéèyàn dán REAPER wò. Dọ́là 60 ni fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, tàbí tí owó tó ń wọlé nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún ò ju dọ́là 20,000 lọ. Àwọn tó bá jù bẹ́ẹ̀ á san 225. Ní náírà, kò kéré, àmọ́ kì í ṣe oṣooṣù.

Lẹ́yìn tí mo fi orin yẹn ránṣẹ́, olórin pè mí: “Ẹ̀njíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìlù sókè díẹ̀ níbi tí mo ti ń kì wọ́n, wọ́n ní àwọn ò rí i jó.” Fédà kan ni mo fọwọ́ kàn, 1.5 dB. Omi tí mo gbé kaná ò tíì hó tí mo fi fi tuntun ránṣẹ́ sí i.