Bọ́ọ̀sì 100 tàbí bọ́ọ̀sì afẹ́ ní Berlin?

Ògiri tó pín Berlin sí méjì láti 1961 ṣí ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bọ́ọ̀sì ìlú, nọ́ńbà 100, bẹ̀rẹ̀ sí í so ìwọ̀-oòrùn mọ́ ìlà-oòrùn, láti Zoologischer Garten dé Alexanderplatz. Ìyẹn nìkan mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Owó ọkọ̀ lásán lẹ máa san, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹni tí kò bá sì lu tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lóǹtẹ̀ lè san 60 yúrò owó ìtanràn. Bọ́ọ̀sì afẹ́ wọ́n jù ú lọ dáadáa, àmọ́ àlàyé wà létí yín, ó sì sábà máa ń dé Checkpoint Charlie, ẹnubodè àtijọ́ kan lára ògiri náà, níbi tí 100 kì í yà sí.

Bẹ́ ẹ bá mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, 100 tó yín. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, pẹ̀lú àwọn òbí tó ti dàgbà, ẹ gun ti afẹ́.