Man page lórí Debian: ìrànlọ́wọ́ tí ò jẹ dátà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sáré lọ Google tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí terminal (ibi tá a ti ń tẹ kọ́máǹdì) kẹ́ ẹ tẹ man àti orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, man page, ìyẹn ìwé àlàyé tó ti wà lórí ẹ̀rọ yín, á jáde. Òun ni mò ń lò jù lórí Debian mi (oríṣi Linux kan), àgàgà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ tàbí tí dátà bá tán.

Mo ní háàdì dísìkì kan tí mò ń kó iṣẹ́ sí, mo ti kọ ọ́ sínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ dísìkì tí ẹ̀rọ á ṣí tá a bá tàn án, kó lè máa wọlé fúnra ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí dísìkì yẹn ò bá sí lára USB, kọ̀ǹpútà á kàn dúró, á ka ìṣẹ́jú àáyá 90, á wá gbé mi jù sínú emergency mode (ibi tí ò sí nǹkan míì ju kọ́máǹdì lọ), oníbàárà sì wà lọ́rùn mi tó ń pè. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní kí n pa ìlà yẹn rẹ́, ẹlòmíì ní kí n fọ Debian kí n tún un gbé sórí ẹ̀, ẹ gbọ́ o, torí dísìkì kan ṣoṣo! Mo tẹ man fstab, mo tẹ / kí n fi wá "fail", bó ṣe gbé nofail jáde nìyẹn. Mo fi sí ìlà yẹn, ó parí. man systemd.mount (systemd ni ètò tó ń tan Debian) ló wá jẹ́ kó yé mi pé tí nofail bá ti wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní dúró de dísìkì yẹn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé version tó wà lórí ẹ̀rọ yín gan-an ló ń ṣàlàyé, kì í ṣe tọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tẹ́nì kan kọ síbì kan.

Ẹ mọ nọ́ńbà ẹ̀ náà o, torí abala abala ni wọ́n pín ìwé yìí sí, abala kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tiẹ̀: man passwd á sọ̀rọ̀ kọ́máǹdì, man 5 passwd á sọ̀rọ̀ fáìlì. Àtìgbà ìwé Unix àkọ́kọ́ lọ́dún 1971 ni wọ́n ti ń pín in báyẹn. Tẹ́ ò bá sì mọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ tẹ man -k àti ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ ọn.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni àpẹẹrẹ, kì í pọ̀, ti bash (ètò tó ń gba kọ́máǹdì tá a bá tẹ̀) sì gùn débi pé ó lè sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ti rsync (kọ́máǹdì tó ń da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíì) ló dáa jù lójú mi, ó ṣàlàyé ohun tí / tó gbẹ̀yìn orúkọ fódà ń ṣe, ó sì fàpẹẹrẹ sí i. Ká ní gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá fún un ní 5 nínú 5, 4 ni mo fún un.