Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra iyẹ̀pẹ̀: ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò bá yín ṣírò

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ó fi bo ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò tó bá ní òun yóò bá yín ṣírò iye tí ẹ nílò lọ́fẹ̀ẹ́. Irú wọn kì í sábà parọ́ lórí owó. Inú ìṣirò ni wọ́n ń fi ìrẹ́jẹ pamọ́ sí.

Ìṣirò náà kò le rárá. Ẹ ó sọ gígùn ilẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́nà bí iyẹ̀pẹ̀ yóò ṣe ga tó, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 6, tí ẹ fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 lórí rẹ̀, ìyẹn mítà 0.15, yóò gba kúbíìkì mítà 9. Òótọ́ ni pé iyẹ̀pẹ̀ máa ń rọlẹ̀ bí òjò bá pa á, nítorí náà kò burú kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, ó pọ̀ jù kó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá wá sọ 9 di 15 nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ ń rọlẹ̀, ẹ bi í léèrè bó ṣe ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ èrè jù ni ilẹ̀ tí kò ní igun mẹ́rin. Mo rí ìwé tí ọ̀kan nínú wọn fi ṣírò ebè òdòdó róbótó kan tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ó kọ 4 lọ́nà 4, ó ní 16. Ohun tó yẹ kó kọ ni 2, ìyẹn ìdajì ìdábùú náà, lọ́nà 2 lọ́nà 3.14, nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò ohun róbótó, èyí tó jẹ́ 12.56. Oníbàárà náà ń sanwó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò sí nínú ọgbà rẹ̀! Bí ilẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́ta, irú ìṣirò yìí yóò sọ owó di ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì rà á ní ìwọ̀n tọ́ọ̀nù bí ẹ bá lè yẹra fún un, nítorí omi inú iyẹ̀pẹ̀ náà ń wúwo. Tọ́ọ̀nù 12 iyẹ̀pẹ̀ tí kúbíìkì mítà kan rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.3 yóò lé díẹ̀ ní kúbíìkì mítà 9, ṣùgbọ́n bí ó bá rin gbingbin tó fi di tọ́ọ̀nù 1.6, 7.5 péré ni ẹ ó gbà, owó kan náà.

Kí típà tó da ẹrù sílẹ̀ ni kí ẹ wọn inú rẹ̀: gígùn, ìbú, àti bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ga tó ní ẹ̀gbẹ́ àti ní igun, kì í ṣe ní àárín tí wọ́n ti gbá a jọ bí òkìtì. Ẹ yọjú wo inú ọkọ̀ náà lẹ́yìn tó bá dà á tán pẹ̀lú, nítorí iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ wọ̀n. Awakọ̀ tí kò bá gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n, kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.